Ààfin Hadrian ní Tivoli: Ohun Tí Ilẹ̀ Sọ Tí Orúkọ Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Hadrian, Késárì Róòmù láti ọdún 117 títí di 138, rìn jìnnà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó jọba ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó dé Bìrìtéènì, ó dé Gíríìsì, ó sì dé Íjíbítì. Nígbà tó fẹ́ kọ́ ààfin tí yóò máa sá lọ fún ooru àti ariwo ìlú Róòmù, ìsàlẹ̀ òkè Tivoli, nǹkan bí 30 kìlómítà sí Róòmù, ni ó kọ́ ọ sí. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 120 hẹ́kítà. Àlàpà rẹ̀ ni àlejò ń lọ wò títí di òní.

Ìwé àtijọ́ kan lórí ìtàn ayé àwọn Késárì, Historia Augusta, sọ pé Hadrian fi orúkọ àwọn ibi olókìkí pe oríṣiríṣi apá ààfin náà: Lyceum àti Academy ti ìlú Áténì, Canopus ti Íjíbítì, àní ó fi ibì kan ṣe àpẹẹrẹ ipò òkú. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò tọ́ka sí ilé tó ni orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Pirro Ligorio, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni wọ́n ń pín orúkọ fún àwókù tí wọ́n bá nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tí à ń pè lónìí, àbá ni. Kì í ṣe ẹnu Késárì ni ó ti jáde.

Bí orúkọ bá lè ṣini lọ́nà, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀. Níbi tí Késárì àti àwọn ènìyàn ńlá ń rìn, mábù aláràbarà ni wọ́n gé tẹ́ ẹ. Ní Hospitalia, iyàrá mẹ́wàá ni ó wà, àyè ibùsùn mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n fi dárà sí ilẹ̀ wọn. Ibi tí ìránṣẹ́ ń rìn ńkọ́? Bíríkì lásán ni.

Ibì kan tún wà tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Cento Camerelle, èyí tó túmọ̀ sí ọgọ́rùn-ún iyàrá kéékèèké. Ó ga tó àjà mẹ́rin níbòmíràn. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ibẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ ń sùn, tí wọ́n sì ń kó ẹrù sí. Lórí àwọn iyàrá yìí gan-an ni etí pápá ìgbafẹ́ ńlá tí à ń pè ní Pecile jókòó lé. Iyàrá ìránṣẹ́ ni ó gbé ibi ìgbafẹ́ ọba dúró. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ sì wà, tí ẹrù ń gbà dé ibi tó ń lọ láìjẹ́ pé ojú àlejò rí ẹni tó gbé e.

Òǹtẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ bíríkì ibẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ amọ̀, tàbí ti ọ̀gá ibi ìṣe bíríkì, àti ti àwọn olóyè Róòmù tí wọ́n fi ń ka ọdún, ni à ń kà lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọdún 123 pọ̀ níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó ru bíríkì náà, tí wọ́n sì tò ó di ògiri, kò sí níbẹ̀.

Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Hadrian kò rí bẹ́ẹ̀. Kádínà Ippolito d'Este, tó di gómìnà Tivoli ní ọdún 1550, kó mábù àti ère ibẹ̀ lọ ṣe ilé tirẹ̀, Villa d'Este, lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ère mìíràn wà ní Vatican. Nígbà tí àjọ UNESCO fi ààfin náà kún ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé ní ọdún 1999, èyí tó pọ̀ jù nínú mábù rẹ̀ ti lọ tipẹ́.

Ohun tó níyì lójú àwọn ọlọ́lá ni wọ́n kó lọ. Ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ àti bíríkì ìránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ṣojúkòkòrò sí, ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé Tivoli, kí ó gbójú sókè wo ògiri Késárì, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbàgbé láti wolẹ̀.