Yọ́ àti Yọ: Èkùrọ́ Lomé àti Ìtàn Ọ̀rọ̀-ìperí Kan

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, yọ́ àti yọ, dé inú ìtàn òwò èkùrọ́ ní Lomé. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Iyọ̀ a máa yọ́ nínú omi. Eyín ni à ń yọ. (Iyọ̀ fúnra rẹ̀ tún ní ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.)

Àwọn Jámánì gba etíkun Tógò ní 1884, wọ́n sì sọ Lomé di olú-ìlú ní 1897. Èkùrọ́ wà lára ọjà tí ọkọ̀ òkun ń kó lọ sílé wọn, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ afárá èbúté ní 1904. Iná ni àwọn obìnrin wa fi ń yọ epo inú rẹ̀. Orúkọ àdín pàápàá sọ ọ́: ọ̀rọ̀-ìṣe dín wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdín tó jáde kò lè sọ iye epo tó wà nínú èkùrọ́, nítorí díẹ̀ á ṣì kù sínú ìdọ̀tí ìkòkò. Iye yẹn gan-an ni ẹni tó ń ra èkùrọ́ nítorí epo fẹ́ mọ̀.

Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n ti wà. Ní 1879 ni Franz von Soxhlet gbé ẹ̀rọ kan jáde láti fi wọn ọ̀rá inú wàrà, ó sì bá èkùrọ́ mu. A ó lọ èkùrọ́ kúnná, a ó wọ̀n ọ́n, a ó sì kó o sínú àpò bébà. Ether tó ń hó nísàlẹ̀ á di oru, oru á tutù, á máa kán sórí ìyẹ̀fun náà, á yọ́ epo, á sì gbé e ṣàn wálẹ̀, léraléra, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ether bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ, epo nìkan ló kù fún òṣùwọ̀n: nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n èkùrọ́.

Ní Yunifásítì Lomé, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ kẹ́mísírì. Extraction par solvant ni Faransé pe iṣẹ́ yìí: yíyọ ló ṣíwájú, ohun tó ń yọ́ nǹkan wá tẹ̀lé e bí irinṣẹ́. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “yíyọ epo” lásán, a kò ya iṣẹ́ ether kúrò lára iṣẹ́ iná àwọn ìyá wa. Gírámà tiwa lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ether yọ́ epo yọ. Bí a ṣe rí ìbàjẹ́ láti ara ba…jẹ́, ìyọ́yọ ni mo dábàá. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i. Lórí bébà irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ether kàn “yọ epo yọ” ni, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun yọ́.