Àìbọ̀wọ̀ fún àwọn òrìṣà ní Áténì àtijọ́

Ní Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, asebeia ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó bá tàbùkù àwọn òrìṣà: kó ba ère tàbí ojúbọ wọn jẹ́, kó tú àṣírí awo, tàbí kó sẹ́ àwọn tí ìlú ń bọ. Wọ́n gbà pé bí ẹnì kan bá ṣẹ òrìṣà, gbogbo ìlú ló lè jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ-ìlú èyíkéyìí ló lè pe ẹjọ́ náà.

Ọ̀ràn ọdún 415 ṣáájú Kristi ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ ogun Áténì ṣe ń múra àtilọ sí Sísílì, ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, wọ́n rí i pé wọ́n ti fọ́ ojú àwọn ère òrìṣà Hermes tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àti ojúbọ káàkiri ìlú. Jìnnìjìnnì bo ará ìlú. Wọ́n ní àmì burúkú ni, wọ́n sì fura pé àwọn kan ń dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Ìwádìí tú nǹkan mìíràn síta: àwọn ọlọ́lá kan ń fi awo Eleusis, ìsìn ìkọ̀kọ̀ àwọn Gíríìkì, ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé wọn. Ọ̀gágun Alcibiades wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Wọ́n ránṣẹ́ pè é padà, ó sá lọ sí Sparta, ìlú ọ̀tá Áténì, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n lu dúkìá àwọn tó jẹ̀bi ní gbàǹjo. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fín sára òkúta ṣì kù títí dòní: ilẹ̀, ibùsùn, ìkòkò, àti àwọn ẹrú pẹ̀lú iye tí wọ́n tà wọ́n, àwọn tí kò mọwọ́ mọsẹ̀ nínú ọ̀ràn olówó wọn.

Ní 399, ará Áténì kan, Meletus, fẹ̀sùn kan Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ẹni 70 ọdún, pé kò gba àwọn òrìṣà ìlú gbọ́, ó ń mú tuntun wọlé, ó sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ní ká ní ìbò 30 yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, ìbá bọ́. Májèlé ni wọ́n fún un mu.

Wọ́n ní Diopeithes ti ṣe òfin ṣáájú èyí lòdì sí àwọn tó ń ṣàlàyé ohun ojú ọ̀run, àti pé nítorí Anaxagoras, onímọ̀ ọgbọ́n orí mìíràn, ni wọ́n ṣe é. Òǹkọ̀wé Plutarch nìkan ló dárúkọ òfin náà, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 500. Àwọn onímọ̀ kan gbà á, àwọn mìíràn kò gbà.

Onímọ̀ ọgbọ́n orí Aristotle náà kúrò ní Áténì ní 323 nítorí irú ẹ̀sùn yìí.

Plato fi òfin lélẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ náà nínú ìwé rẹ̀, Laws: ẹni tó bá sọ pé òrìṣà kò sí, bí ìwà rẹ̀ tilẹ̀ dára, yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ó kéré tán, bó bá tún ṣẹ̀, kí wọ́n pa á.