Jabīra: Ìtàn Eegun Dídì àti Àlùwàlá Ẹni Tí Eegun Rẹ̀ Kán

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ní ìgbà òtútù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní jàmáà yìí yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, eegun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Wọ́n tò ó ní ọsibítù, wọ́n sì fi pí-ó-pì dì í láti ẹ̀yìn ìka títí dé ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà gé e, awọ apá ìyá ti rọ̀, ó ti funfun, ibòmíràn sì ti di egbò. Wọ́n bi í léèrè bí omi ṣe dé ibẹ̀. Ìyá kò purọ́. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé àlùwàlá kò pé bí omi kò bá kan awọ ara, nítorí náà wọ́n ń rọ omi sínú pí-ó-pì náà fún gbogbo ìrun, ìgbà márùn-ún lójúmọ́.

Ní oṣù kan náà, arákùnrin kan tó kán lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ fún mi pẹ̀lú ìtìjú pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òun ti kírun gbẹ̀yìn. Ó ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò tú ẹsẹ̀ náà, kí ó lè san gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

N kò rí ẹ̀bi àwọn méjèèjì. Èmi tí mo kọ́ orí ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ mi ní yunifásítì, tí mo sì ń ṣe wáàsí níwájú yín láti ọjọ́ pípẹ́, n kò mú un wá sórí mínbárì rí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímímọ̀ wa ti ń sọ̀rọ̀ lé e lórí fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe pí-ó-pì bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí.

Jabīra ni àwọn Lárúbáwá ń pe igi, pákó tàbí aṣọ tí a fi di eegun tó kán. Láti inú gbòǹgbò kan náà ni a ti rí jabr, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ dídá ohun tó kán padà sí bí ó ti wà. Ibẹ̀ náà ni Al-Jabbār ti wá, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Ọlọ́hun tó dára jù lọ, tí àwọn onítumọ̀ kan sọ pé lára ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹni tó ń tún ohun tó fọ́ ṣe. Al-Khwārizmī náà lo al-jabr nínú àkọlé ìwé ìṣirò tó kọ ní Bagdad ní nǹkan bí 820, òun sì ni àwọn ọmọ wa ń pè ní algebra nílé ìwé. Ní Sípéènì, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti ṣàkóso fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, algebrista ni orúkọ ẹni tó ń to eegun. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú apá kejì ìwé Don Quixote tó jáde ní 1615. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá ń ráhùn nítorí iṣẹ́ ìṣirò: eegun ni wọ́n ń tò.

Ìtàn kan wà tí Jābir ọmọ Abdullāh gbà wá, tí Abū Dāwūd kọ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn sàhábà kan wà lórí ìrìn-àjò, òkúta sì ba ọ̀kan nínú wọn lórí, orí rẹ̀ bẹ́. Jánábà ṣẹlẹ̀ sí i lójú oorun. Ó bi àwọn tó kù bóyá ìrọ̀rùn tàyàmáámù wà fún òun, wọ́n sì ní kò sí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí ìròyìn náà kan Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a), inú bí i gidigidi. Ó ka ikú náà sí wọn lọ́rùn, ó sì bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀, nítorí pé ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀. Apá tó gbẹ̀yìn nínú hadíìsì yìí, níbi tí a ti dárúkọ fífi aṣọ di egbò àti fífi omi pa á lórí, ni àwọn onímímọ̀ ń ṣe àríyànjiyàn lé. Èyí tó wà lọ́dọ̀ Ibn Mājah nípa ọrùn-ọwọ́ Alíyù tó kán, wọ́n ní kò lágbára. Ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni ìṣe Abdullāh ọmọ Umar, ẹni tó máa ń fi ọwọ́ tútù pa orí aṣọ tí a fi di egbò. Èyí, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tí Kùránì fi lélẹ̀ nínú Sūratul-Hajj pé Ọlọ́hun kò fi ìnira sínú ẹ̀sìn, ni àwọn madh-habu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mú, bí wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀ síra lórí ẹ̀ka rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ǹjẹ́ omi yóò pa ẹni yìí lára? Ta ni yóò dáhùn rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó mọ iṣẹ́ ìṣègùn? Ìdí nìyí tí kò fi yà mí lẹ́nu pé ní Andalus, ènìyàn kan náà lè jẹ́ onífíkíhì àti dókítà. Ibn Rushd, tí a bí ní Cordoba ní 1126, jẹ́ adájọ́ ní ìlànà Málíkì. Ó kọ Bidāyatul-Mujtahid nínú fíkíhì, ó sì kọ Al-Kulliyyāt nínú ìṣègùn.

Ṣáájú rẹ̀, ní ìlú kan náà, Abul-Qāsim Az-Zahrāwī, tí a bí ní nǹkan bí 936, ti kọ At-Tasrīf, ìwé onípìn-ín 30. Iṣẹ́ abẹ ni ìpín tó gbẹ̀yìn dá lé, eegun sì ni apá kẹta rẹ̀. Ó kọ́ni bí a ṣe ń po eruku ìyẹ̀fun inú ilé ọlọ mọ́ funfun ẹyin, tí a ó fi kun ibi tó kán kí a tó dì í. Bí egbò bá wà lójú ibi tí eegun ti kán, ó ní kí a fi ihò sílẹ̀ ní ọ̀gangan rẹ̀, kí a lè máa tọ́jú egbò láìtú ìdì. Bí ìyún, ìrora tàbí wíwú bá sì dé, kí a tètè tú u. Ibn Sīnā, tó kú ní 1037, gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn nínú Al-Qānūn pé kí wọ́n má ṣe yára fi igi di eegun, kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ karùn-ún, títí ara tó wú yóò fi wálẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìlá ni Gerard ará Cremona yí iṣẹ́ àwọn méjèèjì sí èdè Látìn, àwọn dókítà Yúróòpù sì jẹ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Gípúsù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1798, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Eton tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ ọba àwọn Tọ́kì. Ó ròyìn pé ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, òun rí i tí wọ́n ń da gípúsù yí ẹsẹ̀ tó kán ká, tí yóò mú àwòrán ẹsẹ̀ náà láìfún un, tí yóò sì le láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó di 1851, Antonius Mathijsen, dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Họ́láǹdì, bu ẹ̀tù gípúsù sára aṣọ ìdì-egbò. Bí a bá ti rì í bọ omi tí a sì wé e mọ́ apá, ó di líle. Nígbà ogun Crimea, láàrin 1853 sí 1856, Nikolai Pirogov lo gípúsù fún àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọn ìbá fi ayùn gé ni ó sì yè. Láti Montmartre ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta gípúsù, ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ti wá, èyí tí àwa gé kúrú sí pí-ó-pì.

Nílé wa, àwọn tó ń to eegun ti wà kí ọsibítù tó dé, láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọ̀pọ̀ yín ló ti rí i tí wọ́n fi ọparun pẹlẹbẹ àti okùn di ẹsẹ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì dá ẹsẹ̀ adìyẹ kan, pé ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn yóò rìn. N kò ní tẹ́ńbẹ́lú ọwọ́ wọn, nítorí ọwọ́ náà ti to ọ̀pọ̀ eegun tó dúró dáadáa. Ti adìyẹ yẹn ni kò bá ẹ̀sìn wa mu. Ewu tó ti gba apá àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni dídì líle: ara wú nínú ìdì, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá, ìka dúdú, ó kú. Ohun tí Az-Zahrāwī àti Ibn Sīnā kìlọ̀ fún gan-an nìyẹn. Ọsibítù eegun ti Ìgbóbì ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ti gba ọ̀pọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Ewu náà kò kú pẹ̀lú ọparun. Pí-ó-pì òde òní náà lè fún. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ibí fi sábà máa ń kọ́kọ́ fi ìdajì pí-ó-pì gbé apá dúró, kí wọ́n tó dì í yíká ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ẹ gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà sókè lórí ìrọ̀rí ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa mi àwọn ìka. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, tí ìka kú tipiri, tí ó tutù, tí ó ràn pupa-rúsúrúsú tàbí tí ó funfun, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bí ó bá ń yún yín, ẹ má ki ṣíbí tàbí igi bọ inú rẹ̀, ẹ má sì da òróró tàbí pọ́ńdà sí i.

Àlùwàlá ńkọ́? Ní ìlànà Málíkì tí àwa Yorùbá ń tọ̀, ẹ fọ gbogbo ibi tó ṣí sílẹ̀, ìka pẹ̀lú, pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù níwọ̀nba bí ọ̀rọ̀ bá dé etí pí-ó-pì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ti gbọn omi rẹ̀ dànù pa gbogbo orí rẹ̀ tó wà níbi tí a máa ń fọ̀, lẹ́ẹ̀kan. Kò ní gbèdéke ọjọ́. Kò sì pọn dandan kí ẹ ti wà lórí àlùwàlá nígbà tí wọ́n dì í. Ta ni ń ṣe àlùwàlá kí ó tó ṣubú? Ìwẹ̀ jánábà náà kò yàtọ̀. Bí dókítà bá ní ọ̀rinrin kankan kò gbọ́dọ̀ kàn án, àwọn onímímọ̀ wa ti sọ pé kí a pa orí ohun tí a bá tún dì lé e. Mo rí i pé ọ̀rá tí a fi bò ó dúró fún ìyẹn. Pí-ó-pì òde òní tó dà bí ike ń tan ènìyàn jẹ: omi kì í bà á jẹ́, ṣùgbọ́n òwú abẹ́ rẹ̀ ń fa omi mu, kò sì ní gbẹ, àfi bí wọ́n bá sọ fún yín pé tiyín jẹ́ irú tí omi kò lè wọ̀. Ẹni tí kò lè dúró yóò jókòó kírun. Ẹni tí kò lè fi iwájú orí kan ilẹ̀ yóò fi orí júwe.

Arákùnrin wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í san ìrun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún apá ìyá dì, mo sì jókòó ti wọ́n ní ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jọ ṣe àlùwàlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n pè mí láti ọsibítù: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni, apá ti tín-ín-rín, awọ ń bó, wọ́n sì wà lórí àlùwàlá Súbúhì. Wọ́n ní ṣé kí àwọn tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀? Mo ní rárá, Alhaja, apá yẹn nìkan ni kí ẹ fọ̀ báyìí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́. Mo gbọ́ ìró omi ẹ̀rọ kí wọ́n tó pa fóònù.