Ta Ló Ya Ìbàdàndùn? Iṣẹ́ Ọnà Mẹ́ta àti Àlàfo Kan

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ wa nínú mọ́tò láti Ring Road dé Challenge, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ fẹ́ kà á, ohun tí mo sọ náà nìyí. Mo kàn yọ ibi tí mo ti ń wú kọ́ kúrò ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ ìgbohùn mi lọ sí Àgbowó, sí yàrá ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú mú iṣẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ràn jù wá: ọ̀kan nínú àwòrán yíyà, ọ̀kan nínú kọ́láàjì, ìyẹn gígé oríṣiríṣi nǹkan lẹ̀ mọ́ra wọn, ọ̀kan nínú ohun tí a fi amọ̀ mọ. Wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ṣe é, ìdí tí o fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, àfi àlàfo kan.

Mo ní, "Àbúrò, kí ló dé tí o fi èyí sílẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí amọ̀. Èyí tí mo mọ orúkọ ẹ̀ nìyẹn."

Ó wá yọ ogún náírà jáde nínú àpò rẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ yí i sẹ́yìn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, Ladi Kwali ni. Abúlé Kwali ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1925, ọmọ Gbàgyí ni, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló sì ti kọ́ ìkòkò mímọ láti kékeré. Ní 1950, òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, rí àwọn ìkòkò rẹ̀ ní ààfin Ẹ́míà Abuja. Abuja ìgbà yẹn kọ́ ni tòní o. Ìlú tí à ń pè ní Suleja báyìí ni. Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò sílẹ̀ níbẹ̀, Ladi Kwali sì wọlé ní 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ àbúrò mi yìí ni pé Ladi Kwali kò torí ẹ̀rọ tó ń yí sọ ọwọ́ rẹ̀ nù. Á yí amọ̀ bí okùn, á tò ó léra, á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí ìkòkò náà ká bó ṣe ń mọ ọ́n. Á fi ohun mímú ya alángbá, àkekèé àti ẹja sí i lára. Ohun tuntun tó gbà níbẹ̀ ni omi dídán tí wọ́n ń fi bo ìkòkò, àti iná ààrò tó gbóná gan-an. Ó lọ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ó kú ní 1984.

Ó ní, "À ń fi ra omi inú ọ̀rá tẹ́lẹ̀, a ò wo ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ wà."

Èkejì ni kọ́láàjì. Njideka Akunyili Crosby ló mú, ọmọ Dora Akunyili, ìyá tó bá àwọn oníṣòwò ayédèrú oògùn jà ní NAFDAC. Enugu ni wọ́n bí Njideka sí ní 1983. Amẹ́ríkà ló ń gbé, níbi tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn MacArthur ní 2017. Bó ṣe ń ṣe é ni pé á kó àwòrán jọ látinú ìwé ìròyìn Nàìjíríà, látinú àlùbọ́ọ̀mù ẹbí àti lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, á wá lo kẹ́míkà láti tẹ̀ wọ́n sórí bébà, á sì kun ọ̀dà sí i. Bí o bá dúró lókèèrè, yàrá kan lo máa rí. Bí o bá sún mọ́ ọn, ojú èèyàn ló kún ara ògiri. Ọ̀kan nínú wọn, ti 2017, ń jẹ́ "Dwell: Aso Ebi". Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ ẹbí wa yẹn náà.

Mo ní egúngún ló rán mi létí. Ẹ wo aṣọ egúngún dáadáa: tuntun lórí ògbólógbòó, àrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹkárá. Bí ọdún bá yípo, ọmọ ilé á tún fi ọ̀já aṣọ mìíràn kún un. Kí bàbá ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ kọ́láàjì ni Ìbàdàn ti ń to aṣọ léra.

Ó wá ku àwòrán yíyà. Àlàfo wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó mú ni Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ má rò pé aṣọ lásán ni. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń yà á: wọn á ti ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọn á fi ya aṣọ funfun ní ìlà-ìlà, ní igun-igun, kí wọ́n tó rì í sínú aró èlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un dáadáa. Kò sí ìrésà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, ó yẹ̀ nìyẹn. Nínú Ìbàdàndùn, ẹ máa rí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú ṣíbí. Ìyẹn ni pé obìnrin kan wo ilé ńlá tí ìjọba òyìnbó kọ́ sórí òkè, ó lọ sílé, ó fi ìyẹ́ adìẹ yà á.

Ta ni obìnrin náà? Ní 1971, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé Jane Barbour àti Doig Simmonds lórí àdìrẹ jáde. Orúkọ aṣọ kún inú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ya Ìbàdàndùn ni mi ò mọ̀.

Ẹ fi èyí wé Uche Okeke. Ní 1961, ẹgbẹ́ Mbari, tí ilé wọn wà lẹ́bàá ọjà Dùgbẹ̀ níhìn-ín, tẹ ìwé àwọn àwòrán rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló di ìlúmọ̀ọ́ká nítorí ìlà uli, tí àwọn obìnrin Igbo ń yà sára àti sára ògiri. Kò jí i o. Ó máa ń sọ pé ìyá òun mọ uli yà. Ṣùgbọ́n ìwé ló gbé orúkọ tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Aṣọ kò ní èèpo ẹ̀yìn tí a ń kọ orúkọ sí.

Mo ní, "Kọ 'a ò mọ̀ ọ́n' síbẹ̀, kí o gba máàkì ẹ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ ti béèrè ni?"

Ó bá mi níbi tó yẹ. Ìyá mi àgbà ní Ìbàdàndùn kan nínú àpótí. Òun ni wọ́n fi pọ̀n mí. Mi ò béèrè rí. Mo tẹ̀ wọ́n láago. Wọ́n ní, "Ìyá Aláró ẹ̀yìn ilé wa ló yà á." Mo ní, orúkọ wọn ńkọ́, Màmá? Wọ́n dárúkọ àkọ́bí obìnrin náà, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni. Mo ní, orúkọ tiwọn gan-an. Ẹnu Màmá dákẹ́. Wọ́n ní, "Ogójì ọdún ni mo fi bá a gbé àdúgbò."

Ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n pè mí padà. Wọn ò tilẹ̀ kí mi. Orúkọ náà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn gbọ́ ọ, lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀.

Obìnrin yìí kọ́ ló kọ́kọ́ ya Ìbàdàndùn. Òun ló ya ti ilé wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ lórí ètò yìí títí n ó fi rí àwọn ọmọ rẹ̀, kí n tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó fi kún un pé: ẹ̀dà yìí ni mo fọwọ́ kàn.

Bí aláró kan bá wà nínú ìtàn ilé yín, tàbí amọ̀kòkò, ẹ béèrè lónìí, nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì ń gbé fóònù. Ó dìgbà kan ná.