Ilà, Kóló àti Tátù: Ta Ni Ó Ni Ìpinnu Lórí Awọ Ara?

Ní Pọ́bẹ̀ àti Ṣàkétẹ́, bí ọ̀dọ́ kan bá sọ pé òun fẹ́ fín àwòrán sí apá tàbí ọrùn, èsì tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé àṣà òyìnbó ni. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lè fi kún un pé òun kò lè mú ẹni tí ó fín ara dé iwájú àwọn òbí òun. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà lè sọ pé oníbàárà kò gbọdọ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ náà yóò wá dúró láàárín ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ àti àwọn ènìyàn tí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Síbẹ̀, nínú ilé kan náà, ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan wà tí kóló wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ àti ní apá rẹ̀, tí ó ń fi aṣọ bò ó nítorí ojú àwọn ọmọ-ọmọ. Bí ìtàn ilẹ̀ Nàgó bá ní ohun kan láti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yẹn ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ilà ojú yàtọ̀ sí kóló

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni láti máa ka gbogbo àmì ara sí ohun kan náà. Ilà ojú jẹ́ ti ìdílé. Ìgbà ọmọdé ni wọ́n ti ń kọ ọ́, kí ọmọ tó lè sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́. Agbolé ni ó mọ irú ilà tí olóòlà yóò kọ, ọmọ a sì gbé e dé isà òkú. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, to ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilà wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ: àbàjà, kẹ́kẹ́ tàbí gọ̀mbọ́, pélé, túrè àti àwọn mìíràn. Àwọn aládùúgbò náà ní tiwọn. Ní Ouidah, àwọn ọmọ Houéda ni a mọ̀ mọ́ ilà méjì méjì ní ojúkò márùn-ún lójú.

Àṣà náà ti pẹ́. Àwọn orí idẹ àti orí amọ̀ Ifẹ̀, tí àwọn onímọ̀ kà sí iṣẹ́ láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ń fi í hàn. Lára àwọn kan, ilà tín-ín-rín sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Lára àwọn mìíràn, ojú dán gbinrin láìní ilà kankan. Ní Ifẹ̀ pàápàá, ẹni tí ó kọlà àti ẹni tí kò kọlà ti jọ gbé ìlú kan náà rí.

Kóló kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń sín in, ìgbà tí wọ́n bá sì ti ń bàlágà, tí ọ̀rọ̀ ọkọ ti ń sún mọ́lé, ni wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ olóòlà. Olóòlà, tí í ṣe ọmọ Ògún, a fi abẹ sín ara ní wẹ́wẹ́, a fi èédú lílọ̀ tàbí dúdú ẹ̀yìn ìkòkò pa ojú rẹ̀, kí ọnà náà lè dúdú, kí ó sì yọ nígbà tí ó bá jinná. Ẹlòmíràn a ya alángbá, ẹlòmíràn a ya igi ọ̀pẹ, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Ní àkókò tí aṣọ kì í sábà bo èjìká àti ẹ̀yìn, gbangba ọjà ni kóló wà, kì í ṣe ìkọ̀kọ̀.

Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ilẹ̀ wọn wà ní àbàtà amọ̀ dúdú láàárín Pọ́bẹ̀ àti Kétu, jẹ́ olókìkí nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn kan náà ni wọ́n gbógun ti ìjọba Faransé ní 1914 sí 1916. Henry John Drewal, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kọ nípa kóló nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1988. Ohun tí ó fi yé àwọn òǹkàwé ni pé ẹwà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá lọ sọ́dọ̀ olóòlà. Ìgboyà ni. Ọmọbìnrin tí ó bá fara da abẹ ti fi hàn pé òun yóò fara da ìrọbí. Ẹni tí ó bá sì sá dìde láìparí, ọnà àbọ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ́rìí sí i.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Wọ́n kọ ilà ojú fún ọmọ. Ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ni ó jókòó fún kóló. Nítorí náà, nínú gbogbo àmì àtijọ́, kóló ni tátù òde òní sún mọ́ jù lọ. Ẹni tí ó bá pè é ní àṣà òyìnbó ti gbàgbé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó bá ń sọ pé ilà àwọn baba ńlá òun ni òun ń tẹ̀ lé kò tíì sọ òdodo tán, nítorí ilà baba kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yàn fúnra rẹ̀.

Ọba tí abẹ dá dúró

Ìtàn kan wà láti Ọ̀yọ́ tí ó yẹ fún ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní Ṣàkétẹ́, níbi tí àwọn ìdílé kan ti ń tọ́pasẹ̀ ara wọn dé Ọ̀yọ́. Wọ́n ní Ṣàngó rán ẹrú méjì ní iṣẹ́ pàtàkì sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa, ọba sì fún un ní ẹ̀bùn. Èkejì kò rí nǹkan kan ṣe, ọba sì pàṣẹ kí wọ́n fi abẹ ṣá a ní ojú 122. Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, ara ẹrú náà wá kún fún ọnà, àwọn olorì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Bí ọba ti gbọ́ èyí, ó ní kí ó má ṣe jẹ́ ìyà mọ́, kí ó di àmì ọlá, ó sì jókòó síwájú olóòlà. Ojú abẹ méjì péré ni ó lè fara dà. Láti ìgbà náà ni ilà méjì ní apá ti di àmì ọmọ ọba.

Àwọn àgbà ní bí ilà bá jinná, a di oge. Ìtàn yìí sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú àwọn ìyàwó ni ó sún ọba dé ìdí abẹ, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ ni ó sọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Kò sí ẹni tí ó fi í ṣẹ̀sín pé kò dé 122. Méjì tí ó lè gbà tó fún adé.

Àmì tí ó gba ẹnìkan, tí ó fi ẹlòmíràn hàn

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn ní ilẹ̀ Nàgó, tí wọ́n sì fọ́ Kétu ní 1886, ilà ojú jẹ́ ẹ̀rí tí olè kò lè jí. Ní Freetown, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú kalẹ̀ sí, àwọn akọ̀wé kọ àmì ara wọn sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ orí àti gíga wọn.

Àmì kan náà sì lè ṣe ọ̀tá ẹni tí ó ni ín. Ní Saint-Domingue, ìwé ìròyìn Affiches américaines, tí ó ń jáde láàárín ọdún 1766 sí 1791, máa ń tẹ ìkéde àwọn ẹrú tí ó sá. Orúkọ Nàgó wà nínú wọn, àmì ìlú wọn sì wà lára ohun tí olówó wọn fi ń wá wọn kiri. Ohun tí ìyá ì bá fi mọ ọmọ rẹ̀ ni alágbára fi ń lé e mú. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹni tí ó gbé àmì kò lè yan ojú tí yóò kà á.

Ní 10 August 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí àdéhùn ààlà. Ilẹ̀ Pọ́bẹ̀ àti Ṣàkétẹ́ bọ́ sí apá kan, ìbátan wọn ní ìhà Ìlaròó bọ́ sí apá kejì. Ìjọba méjèèjì fún àwọn ọmọ ìyá kan ní ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń sọ ìtàn kan náà.

Bí ojú ṣe yí padà

Kì í ṣe òfin kan ṣoṣo ni ó mú kí ilà dínkù. Ilé-ìwé dé, ọ́fíìsì dé. Oníwàásù ka Léfítíkù 19:28 sí àwọn ènìyàn létí, àwọn aláàfáà náà sì ń kọ̀ fún yíyí ara tí Ọlọ́run dá padà. Lẹ́yìn ọdún 1980, nígbà tí àrùn éèdì tàn kálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kìlọ̀ gidigidi nípa abẹ kan tí ó ń kọjá lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fín ara ọmọdé tàbí láti kọ ilà fún un. Ẹni tí ó bá ṣe é lè san 5,000 náírà tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan.

Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí ilà hàn gbangba lójú àwọn ẹni ńlá. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, amòfin tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà títí di 1966, gbé ilà ojú rẹ̀ wọ ilé ẹjọ́ àti ilé ìgbìmọ̀. Lónìí, ojú tí ilà ti rọrùn láti rí jù lọ ní agbègbè Pọ́bẹ̀, Ṣàkétẹ́ àti Kétu ni ojú igi. Àwọn agbẹ́gilére ṣì ń fín in sára ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun ìní ńlá ọmọ aráyé. Orí ère ń jẹ́ ohun tí ẹni tí ó gbé e kò jẹ́ mọ́.

Ní ti iṣẹ́, òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Benin, nọ́ńbà 98-004 ti 27 January 1998, kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti fi jíjẹ́ akọ tàbí abo, ọjọ́ orí tàbí ẹ̀yà ènìyàn pinnu bóyá yóò gbà á sí iṣẹ́. Ilà tí ó jẹ́ àmì ẹ̀yà sún mọ́ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò. Àwòrán tí àgbàlagbà yàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà, kò sì bọ́gbọ́n mu kí ọ̀dọ́ rò pé ààbò kan náà ń dúró dè é.

Ohun tí àwọn Maori ṣe

Ní New Zealand, àwọn Maori náà ní àmì tí àwọn obìnrin ń gbé ní àgbọ̀n, tí wọ́n ń pè ní moko kauae. Ní 2016, Nanaia Mahuta, ọmọ ilé ọba Maori, gba moko kauae nígbà tí ó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Láti 2020 sí 2023, òun ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, ojú rẹ̀ sì ni àwọn aṣojú ìjọba àgbáyé ń wò. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air New Zealand mú òfin tí ó kọ̀ fún òṣìṣẹ́ láti ní tátù tí ó hàn síta kúrò. Àríwísí àwọn Maori ti pọ̀ lórí rẹ̀ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọ̀nà là ni pé àwùjọ wọn dúró ti àmì náà. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún agbanisíṣẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin Ṣàkétẹ́ tí ó bá fẹ́ fi kóló ìyá rẹ̀ àgbà sí apá kò ní irú ìtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ lónìí. Bí ọ̀gá bá bi í pé kí ni èyí, àwòrán lásán ni yóò lè pè é, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀. Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn. Láolú Ṣénbánjọ, amòfin tí ó di ayàwòrán, ń fi ọ̀dà funfun ya ọnà Yorùbá sára ènìyàn. Ayé rí i nínú fíìmù Lemonade ti Beyoncé ní 2016. Omi a máa fọ ọ̀dà kúrò, kò sì sí ọkọ tàbí ọ̀gá tí yóò bá a jà fún ọdún 40.

Ìpinnu

Ìtàn kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti fín ara, kò sì kọ̀ fún un. Ó fi ọ̀nà tí àwọn àgbà gbà ṣe é hàn. Ní ti kóló, àgbà ara ni ó ń jókòó fún un, kì í ṣe ìkókó. Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀: àwọn ará ilé mọ ọjọ́ tí olóòlà ń bọ̀, ẹni tí yóò fẹ́ ọmọbìnrin náà sì mọ ohun tí ó ń lọ ṣe. Ẹni tí ó bá fín ara ní bòókẹ́lẹ́ kí ó tó sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti jìnnà sí kóló ju ẹni tí kò fín rárá lọ.

Ṣùgbọ́n sísọ fún ni kì í ṣe títọrọ àṣẹ. Ọkọ tí ó bá sọ pé awọ ara ìyàwó jẹ́ tirẹ̀ kò rí ẹ̀rí fún un nínú ìtàn yìí; obìnrin ni ó ń jẹ ìrora abẹ, òun ni wọ́n sì ń yìn fún un. Ọkọ lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ. Kò lè sọ pé àṣà ni ó kọ̀ ọ́. Ní ti agbanisíṣẹ́, kí ọ̀dọ́ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó jókòó síwájú abẹ́rẹ́, nítorí iṣẹ́ tí ó bọ́ lè ṣòro láti rí padà, àwòrán náà kò sì ní ṣí kúrò. Bí kò bá sì lè gba 122, méjì tó fún ọba.

Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti ẹgbẹ́ àti ti ìdílé. Àwọn ìyá tí kóló wà lára wọn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọnà tí ó wà ní ẹ̀yìn wọn sì ń bá wọn wọ ilẹ̀. Ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣàkétẹ́ àti ní àwọn abúlé Ọ̀họ̀rí, kí àwọn ọmọ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n béèrè orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n sín in, ẹni tí ó sín in, àti ìdí tí wọ́n fi gbà. Kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya fọ́tò, nítorí awọ ara ìyá náà jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.