Ìbàdàn Ló Fi Fèrè Sí I Lẹ́nu

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ ilé-ìwé kọ ìtàn Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn jagunjagun ni gbogbo wa máa ń sáré lọ. Olúyọ̀lé ni, Ìbíkúnlé ni, Ògúnmọ́lá ni. Àwa tí a ń gbé ní Kúdẹtì tún máa ń fi Hinderer kún un, òyìnbó ajíyìnrere tó dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Mi ò ní kí a má kọ nípa wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá kan wọ ìlú yìí ní 1957, kò mú idà lọ́wọ́, kò mú Bíbélì lọ́wọ́, iṣẹ́ ilé búrẹ́dì ló kọ́kọ́ rí ṣe. Orlando Julius Àrẹ̀mú Olúṣànyà Ẹkẹ́mọdé ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fèrè sàsófóònù tó fi ṣe iṣẹ́. Ará Belgium kan, Adolphe Sax, ló ṣe é, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Paris ní 1846. Ìbàdàn wa ju fèrè yìí lọ lọ́jọ́ orí! Idẹ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n esùn pẹlẹbẹ kan tí a so mọ́ ibi tí a ń fẹnu sí ló ń mú un dún. Ní Amẹ́ríkà, láti bíi 1935 títí di ìgbà tí ogun Hitler parí, àwọn ẹgbẹ́ olórin jáàsì ńláńlá, bíi ti Duke Ellington àti Count Basie, máa ń to mẹ́rin tàbí márùn-ún irú fèrè yìí sí iwájú, àwọn afuntòrọ́ńpẹ́ẹ̀tì á sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ kan á pe, èkejì á dáhùn, lẹ́yìn náà ẹnì kan á dìde dá fun tirẹ̀. Orin ijó yìí ni wọ́n ń pè ní swing.

Rẹ́kọ́ọ̀dù, sinimá, àwọn sójà àti àwọn atukọ̀ òkun ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kí ó tó ti Lọ́ńdọ̀nù padà dé ní 1947. Ó ń ta gìtá, ó ń fun sàsófóònù, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, bẹ̀rẹ̀ sí í ti Accra wá ṣeré níbí ní àwọn ọdún 1950, àwọn eléré wa rí i pé fèrè kan náà lè fun háíláìfù. Wọ́n yí padà. Eddy Okonta, afuntòrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, wà lára àwọn tó jáde láti ọwọ́ Benson. Òun náà wá ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣeré ní Paradise Club ní Ìbàdàn. Ẹ rántí orúkọ yìí.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí Orlando sí ní 1943, àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ eléré ilé-ìwé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ilé-ìwé sì dópin. Ní Ìbàdàn, ó ń ṣiṣẹ́ búrẹ́dì, ó sì ń bá àwọn oníjùjú àti oníkóńkómà ṣeré. Ta ni yóò ra sàsófóònù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ló dá ibi ìkọ́ṣẹ́ orin sílẹ̀, tí wọ́n kó ohun èlò síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìbò ni wọ́n ń wá. Ìyẹn kò dùn mí rárá: ọmọ náà rí fèrè fun.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti mú mi. Ọmọ kíláàsì wa kan ló ń lu bẹ́ńbẹ́ fún wa ní àpéjọ àárọ̀. Bàbá tirẹ̀ náà kú, kò sì padà sí ilé-ìwé mọ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ ní Mọ́lété báyìí. Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń lu bónẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ó mọ̀ ọ́n lù ju ẹni tó gba ipò rẹ̀ lọ. Mo ti wá ilé tí wọ́n ti lè yá a ní ohun èlò kọ́ ní àdúgbò wa, n kò tíì rí.

Orlando bá Okonta ṣiṣẹ́, ó sì jókòó láàárín àwọn afunfèrè tó dàgbà jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ló dá Modern Aces sílẹ̀, wọ́n ń ṣeré ní Independence Hotel ní Òkè-Bọ́lá. Láti Kúdẹtì, téèyàn bá gba Mọ́lété, tó gba Òkè-Àdó, kò jìnnà! Ní 1965 ó gbé “Jagua Nana” jáde. Ní 1966, àwo Super Afro Soul tẹ̀ lé e. Ó ti da orin sóòlù Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ háíláìfù, ṣùgbọ́n àwọn fèrè ṣì ń pe ara wọn, wọ́n ṣì ń dáhùn bíi ti ẹgbẹ́ ńlá. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé Fẹlá máa ń wá gbọ́ òun ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ àwo 1966 yẹn, ẹ ó mọ̀ pé Fẹlá nìkan kọ́ ló ń wá ọ̀nà tuntun.

Ní 1974 ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó bá Hugh Masekela, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ń fun tòrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ṣe àwo The Boy's Doin' It tó jáde ní 1975. Ó padà sílé ní àwọn ọdún 1980. Ní 2014, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun àti àwọn eléré Lọ́ńdọ̀nù kan, The Heliocentrics, gbé Jaiyede Afro jáde, òun ló sì ń kọrin, òun náà ló ń fun sàsófóònù. Ní oṣù kẹrin 2022 ló jáde láyé.