Wúrà fún ọjọ́ alẹ́

Wúrà fún ọjọ́ alẹ́ ni pé kí ènìyàn kó owó tó tọ́jú de ìgbà tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ sórí wúrà tàbí fàdákà tó ṣeé fọwọ́ kàn. Ní Ògùnpa, n'Ìbàdàn, nítòsí Dùgbẹ̀ àti Gbági àtijọ́, àwọn obìnrin ọjà ló mọ àṣà yìí jù. Èrè ọjà àti owó àjọ á di yẹtí, á di ẹ̀gbà ọrùn. Àwọn tó bá lọ Mẹ́kà á tún rà sí i bọ̀. Wọn kì í pè é ní ìfẹ̀yìntì. "Góòlù mi" ni wọ́n ń pè é. Kí góòlù tó gbòde, iyùn àti sẹ̀gi ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn alágbẹ̀dẹ náà a máa yọ́ ṣílè ayé òyìnbó fi rọ òrùka, torí fàdákà ni kó tó di 1920 tí idẹ gba ipò rẹ̀.

Ti òṣìṣẹ́ olówó oṣù yàtọ̀. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ń fi 10 kún un. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó náà ló ń fi í ṣòwò, lábẹ́ ìṣọ́ PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì. Olówó kò lè ní kí wọ́n fi ra góòlù fún òun. Èyí tí wọ́n bá kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá fẹ̀yìn tì ló lè fi rà á. Ìyókù, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1997 gbà kí wúrà tó mọ́ wọ àpò ìfẹ̀yìntì, àmọ́ ọwọ́ alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó ń fa ojú ará Ìbàdàn mọ́ra ni bí iye náírà ṣe ń jó rẹ̀yìn. Ní January 1980, ọ́ńsì wúrà kan, gíráàmù 31 àti díẹ̀, dé dọ́là 850, èyí tí kò tó náírà 500 nígbà náà. Ní 1999 ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 255. Ẹni tó fi dọ́là rà á pàdánù gidigidi. Síbẹ̀ n'Ìbàdàn, ọ́ńsì yẹn ti lé ní náírà 20,000. Ẹ má sì yọ̀ jù: gbogbo nǹkan tó wà lọ́jà ló ti gbówó lórí pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà ni orí òṣùwọ̀n. Alágbẹ̀dẹ á fi ẹ̀gbà gbo òkúta dúdú, á kán àsíìdì sí ojú ipa tó ya. Bí ipa náà bá parẹ́, ayédèrú ni, tàbí kí wúrà inú rẹ̀ má tó bí wọ́n ṣe sọ. Ó tún máa ń wo àmì inú rẹ̀: 750 ni kárátì 18, 916 ni kárátì 22. Ẹ̀gbà kárátì 18 tó wọn gíráàmù 20, gíráàmù wúrà 15 péré ló wà níbẹ̀. Owó ọnà tí ìyá ọjà san nígbà tó ń rà á, ẹni tó ń rà á padà kì í kà á. Ìwọ̀n ni tiẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka ọ̀ṣọ́ sí ọ̀ṣọ́ lákọ̀ọ́kọ́, owó ìpamọ́ lẹ́yìn náà. Wúrà tí wọ́n ṣù, tí kò ní ọnà lára, kì í pàdánù iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa fi í ṣe ìgbéyàwó ọmọ?

Ìpamọ́ tún jẹ́ wàhálà. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé ní 31 August 1980, ẹ̀mí àti dúkìá bá omi lọ. Àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò jẹ́ nǹkan kan lójú omi. Olè pẹ̀lú mọ ibi tí àwọn ìyá ń fi wúrà sí. Wúrà kì í sì í mú owó oṣù wá: ẹni tí yóò jẹun nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tà á. Àwọn ìyá tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ a máa bèèrè kí wọ́n tó sanwó: "Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá gbé e padà wá lọ́la, èló lẹ máa rà á lọ́wọ́ mi?"